Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n Lójú Títì: Bó Ṣe Ń Dín Súnkẹrẹ-Fàkẹrẹ Kù, Àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdú tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, aago ló fi ń wọn ìrìnàjò rẹ̀, kò fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Bó bá jáde ní aago márùn-ún ìdájí, ó ṣeé ṣe kó débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì. Bó bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́ jáde, ó lè lo wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìjókòó. Ọ̀nà kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni. Ohun tó yí padà ni iye ọkọ̀ tó fẹ́ gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lágbàáyé ló ti ń fi ẹ̀rọ wá ojútùú sí ìṣòro yìí, Èkó náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Àlàyé nìyí lórí bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n ti ṣe níbòmíì, èyí tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, àti ohun tí ẹ̀rọ nìkan ò lè dá ṣe.

Kí ni ètò ìrìnnà ọlọ́gbọ́n?

Àkójọpọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lójú títì ni. ITS ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wíwò: kámẹ́rà, wáyà tí wọ́n rì mọ́ abẹ́ ọ̀dà, àti fóònù inú àpò àwọn èrò ń jẹ́ kí wọ́n mọ iye ọkọ̀ tó wà níbì kan àti bí wọ́n ṣe ń sáré tó. Iṣẹ́ kejì ni ìṣirò: kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí wọ́n rí jọ, ó sì ń pinnu ojú ọ̀nà tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣí. Iṣẹ́ kẹta ni sísọ fún ni: iná á yí àwọ̀ padà, pátákó ẹ̀bá ọ̀nà á gbé ìkìlọ̀ jáde, fóònù á ní kí awakọ̀ yà sí apá ibòmíì, tàbí kí ìwé owó ìtanràn dé ilé ẹni tó rúfin.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, ìyókù ò ní lárí. Kámẹ́rà tó ń ríran tí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohun tó rí, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Láti orí ọlọ́pàá dé orí kọ̀ǹpútà

Iná adarí ọkọ̀ pẹ́ lẹ́yìn. Oṣù Kejìlá ọdún 1868 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀ nítòsí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London. Gáàsì ló ń tan iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ lálẹ́, ọlọ́pàá ló sì ń fọwọ́ yí i. Kò pé oṣù méjì tó fi bú gbàù, tó sì ṣe ọlọ́pàá tó wà nídìí rẹ̀ léṣe. Wọ́n pa á tì.

Ní 1914, wọ́n gbé iná adarí ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná sí oríta kan ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú yẹn kan náà ni Garrett Morgan, Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ti ṣe ẹ̀rọ adarí ọkọ̀ onípò mẹ́ta, tó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1923. Ipò kẹta yẹn ló ń dá gbogbo ọkọ̀ dúró díẹ̀ kí ojú ọ̀nà mìíràn tó ṣí, kí àwọn tó wà láàárín oríta lè ráyè jáde. Ní 1963, ìlú Toronto ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà darí iná oríta.

Ní Nàìjíríà, èèyàn ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí sórí. Ní 1975, àwọn adarí ọkọ̀ lábẹ́ ọlọ́pàá jáde sójú títì. Aṣọ wọn tó ń tàn yòò ló jẹ́ kí aráàlú máa pè wọ́n ní Yẹ́lò Fífà. Ní 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ tí Wole Soyinka lọ́wọ́ sí gan-an. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. L'Ékòó, oṣù Keje ọdún 2000 ni LASTMA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń ka ọkọ̀

Ọ̀nà tó pẹ́ jù ni wáyà abẹ́ ọ̀dà. Wọ́n á gé ojú títì, wọ́n á ká wáyà sínú rẹ̀ bí òrùka ńlá, wọ́n á sì gbé iná díẹ̀ gba inú rẹ̀. Bí irin ọkọ̀ bá gorí rẹ̀, iná inú wáyà á yí padà, ẹ̀rọ á sì mọ̀ pé ọkọ̀ kan ti dé. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí ọ̀dà bá ti hó, wáyà á já. Títì tó kún fún kòtò ò bá a mu.

Ọ̀nà kejì ni kámẹ́rà tó ń wo oríta láti òkè. Kọ̀ǹpútà lè fi àwòrán rẹ̀ ka ọkọ̀, ó sì lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ nílò iná tí kì í lọ, íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró ire, àti ẹni tí yóò máa nu eruku ojú rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni fóònù. Bí fóònù tó ń lo Google Maps bá ń sọ ibi tó wà, ilé-iṣẹ́ náà lè mọ bí ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ṣe ń sáré tó. Bí fóònù ogójì bá wà lórí afárá kan tí gbogbo wọn ń rìn bí ẹlẹ́sẹ̀, àwòrán ọ̀nà náà á pọ́n. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ kan láti rì wáyà. Ṣùgbọ́n ó ṣeé tàn jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, ayàwòrán kan ní Berlin, Simon Weckert, kó fóònù 99 sínú ọmọlanke, ó sì ń fà á lọ lójú pópó tó dá. Google Maps sọ ọ̀nà náà di pupa, bí ẹni pé ọkọ̀ ti há níbẹ̀.

Kí fóònù yìí tó gbòde, rédíò ló ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sì tíì fi í sílẹ̀. Ní 2012, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá Traffic Radio 96.1 FM sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ojú pópó nìkan. Awakọ̀ tó pe rédíò pé tírélà ti ṣubú lórí afárá ń sọ ohun tí àwòrán pupa ò lè sọ: ìdí tí ọ̀nà fi dí, àti bóyá ó máa pẹ́.

Bí iná oríta ṣe ń ronú

Ibí ni èrè ẹ̀rọ ti hàn jù. Iná àtijọ́ ń fi àkókò kan náà ṣiṣẹ́, bóyá ọkọ̀ wà o, bóyá kò sí o. Ẹ jẹ́ ká fi oríta kan ṣe àpẹẹrẹ, kí apá kọ̀ọ̀kan máa gba 60 ìṣẹ́jú àáyá. Ọkọ̀ kan lè kọjá ní ìlà kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, nítorí náà ọkọ̀ bí 30 lè kọjá kí iná tó yí. Tó bá wá jẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta péré ló wà ní apá ọ̀tún, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ti tó wọn. Àkókò tó kù, 54, ṣòfò. Àkókò yẹn ì bá gba ọkọ̀ 27 sí i kọjá ní apá òsì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fọn fèrè kíkankíkan.

Iná ọlọ́gbọ́n á rí i pé apá ọ̀tún ti ṣófo, á sì gbé àkókò rẹ̀ fún apá òsì. Ètò tí wọ́n ń pè ní SCOOT, tí wọ́n dán wò ní Glasgow láàárín àwọn ọdún 1970, ń ṣe é díẹ̀díẹ̀: ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kún ibì kan, ó ń yọ díẹ̀ kúrò níbòmíì, tọ̀sán-tòru. Sydney ní Ọsirélíà ṣe SCATS tirẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn náà.

Àwọn oríta tó tẹ̀ léra tún lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí oríta méjì bá fi 400 mítà jìnnà síra, ọkọ̀ tó ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan á lo 36 ìṣẹ́jú àáyá láti ọ̀kan dé èkejì. Bí iná kejì bá ṣí lẹ́yìn 36 ìṣẹ́jú àáyá tí ti àkọ́kọ́ ṣí, ọkọ̀ á kọjá láìdúró. Ẹni tó bá sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ á kàn débẹ̀ kí iná tó ṣí ni, á sì dúró.

Ìṣirò yìí náà ni wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ tó gbé aláìsàn. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ pàjáwìrì á bá oríta sọ̀rọ̀, iná iwájú rẹ̀ á ṣí kó tó débẹ̀. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí aláboyún tó ń rọbí, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí oríta bá fi sílẹ̀ fún un lè jẹ́ ẹ̀mí.

Àpápà: nígbà tí ìlà kúrò lójú títì

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù wà ní èbúté Àpápà àti Tín Kán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tírélà tó fẹ́ wọ èbúté ń tò sójú títì àti sórí àwọn afárá tó wọ Àpápà. Awakọ̀ ń sùn sábẹ́ tírélà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Aráàlú tí ilé wọn wà lọ́nà náà ń gun ọ̀kadà lọ sí ibi tó yẹ kí mọ́tò gbé wọn dé. Owó tí wọ́n ń gbà láti gbé àpótí ẹrù kan jáde ń gòkè, ọ̀wọ́n ọjà sì ń dé ọ̀dọ̀ ìyá aláta tí kò tíì rí èbúté rí.

Ní 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté Nàìjíríà, NPA, bẹ̀rẹ̀ ètò ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì fún tírélà. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n fún un: Ètò. Onítírélà á forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sanwó, á sì lọ dúró ní gáréèjì tí wọ́n fọwọ́ sí, tó jìnnà sí títì. Ìgbà tó bá kàn án ni wọ́n á pè é. Ìlà kò pòórá, ó kàn kúrò lójú títì bọ́ sínú fóònù ni. Láìpẹ́ sígbà náà, ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà tó ti há fún ọdún mélòó kan là.

Ṣùgbọ́n ìròyìn Àpápà ò parí síbẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn awakọ̀ àti onítírélà ti pariwo lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn kan ṣì ń gbowó lọ́wọ́ àwọn lójú ọ̀nà, àti pé àwọn tí wọn ò pè ń rọ́nà wọlé. Tírélà tún máa ń tò sí ìtòsí èbúté láwọn àsìkò kan. Ẹ̀rọ lè ṣètò ẹni tó kàn. Bí ẹni tó wà lẹ́nu géètì bá ṣí i fún ẹni tí kò kàn, ẹ̀rọ ò lè di irin mú.

Bọ́ọ̀sì, rélùwéè àti káàdì

Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní oṣù Kẹta ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bí 22 kìlómítà. LAMATA ló ń bójú tó o. Ní 2015, ó gùn dé Ìkòròdú. Ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni agbára rẹ̀.

Káàdì Cowry tí èrò ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ kó tó wọlé ló mú ọgbọ́n ẹ̀rọ wọ̀ ọ́. Káàdì yẹn ló ń gbowó, ó sì ń kà pẹ̀lú. Bí èrò 200 bá fi káàdì wọlé ní ibùdókọ̀ kan láàárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀, ẹni tó ń pín bọ́ọ̀sì mọ ibi tó yẹ kó fi ọkọ̀ kún. Káàdì náà ni wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àti Red Line tó bẹ̀rẹ̀ láàárín Agbádó àti Oyingbo ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Dáńfó tó ń fowó gba owó ò ní irú ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń gbé èrò púpọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ò rí, kò lè ṣètò rẹ̀.

Kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ sí àwọn ojú ọ̀nà kan. Bí awakọ̀ bá já iná pupa tàbí tó sáré àsápajúdé, kámẹ́rà á ya nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á wá orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ náà nínú ìwé ìjọba, wọ́n á sì fi owó ìtanràn ránṣẹ́. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé kò sí pé kí ẹ̀ṣọ́ àti awakọ̀ máa dúnàádúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí oníkálukú mọ̀. Bí ẹ bá ta ọkọ̀, tí ẹni tó rà á ò yí orúkọ padà, orúkọ yín ni kámẹ́rà á máa rí. Bí nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ìwé ọkọ̀ bá ti kú, owó lè ti wà lórí yín kí ẹ tó gbọ́. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé pé ẹ jẹ owó ìtanràn, ẹ má tẹ ìlujá inú rẹ̀ láìwádìí, nítorí àwọn gbájúẹ̀ lè fi irú rẹ̀ dẹkùn. Ẹ lọ sí ojúlé ìjọba fúnra yín, tàbí ẹ dé ọ́fíìsì wọn. Bákan náà, òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sọ pé ẹni tó bá kó ìsọfúnni aráàlú jọ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó bófin mu, kó sì dáàbò bò ó. Àwòrán ọkọ̀ yín àti wákàtí tí ẹ kọjá wà lára irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀.

Ìlú tó ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀

Àwọn ìlú kan lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Singapore ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó fẹ́ wọ àárín ìlú láti 1975, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ní 1998, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà. London bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 17 oṣù Kejì ọdún 2003, pọ́ùn 5 lójúmọ́, ó sì ti gòkè gan-an látìgbà náà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wakọ̀ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa: kámẹ́rà á ka nọ́ńbà, ẹni tí kò bá san án, ìwé ìtanràn á bá a nílé.

Stockholm ní Sweden kọ́kọ́ dán an wò fún oṣù méje ní 2006. Ọkọ̀ tó ń wọ àárín ìlú dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni aráàlú dìbò lé e lórí, ó sì di òfin pátápátá ní 2007. Àmọ́ àwọn ìlú yìí ní rélùwéè àti bọ́ọ̀sì tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ẹni tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí kò bá sí ìyẹn, owó náà á kàn di ìyà fún ẹni tí kò rí ọ̀nà mìíràn gbà ni.

Ohun tí ẹ̀rọ ò lè ṣe

Èkó ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí rí, kí kámẹ́rà tó dé. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun ní kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka oníkan-kan àti èyí tó jẹ́ ẹ̀ka oní-méjì-méjì máa jáde ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó lówó ra ọkọ̀ kejì, wọ́n wá nọ́ńbà tó bá ọjọ́ kejì mu. Ọkọ̀ inú ìlú tún pọ̀ sí i ni.

Fóònù náà lè tú ibì kan ká kó sì di ibòmíì. Nílùú kékeré kan tó ń jẹ́ Leonia, ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ tí fóònù ń darí pọ̀ débi pé ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ìlú náà ti àwọn àdúgbò rẹ̀ mọ́ àwọn tí kì í ṣe ará ibẹ̀ ní wákàtí tí ọkọ̀ ń pọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òpópónà kéékèèké tí awakọ̀ máa ń gbà já sí títì ńlá mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Títì tó ti bàjẹ́ ò ní gbọ́ ti iná ọlọ́gbọ́n. Kòtò kan lè sọ ìlà mẹ́ta di ìlà kan. Dáńfó tó dúró láàárín oríta láti gbé èrò kan ṣoṣo lè jẹ́ kí iná aláwọ̀ ewé apá mìíràn ṣòfò pátápátá, nítorí ọkọ̀ ò ríbi gbà. Ní ìṣirò òkè yẹn, ìṣẹ́jú kan tí oríta bá fi dí, ọkọ̀ bí 30 ló ń pàdánù àyè rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá kú tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe, ẹ̀ṣọ́ á tún padà sáàárín oòrùn láti máa juwọ́.

Ìdí nìyẹn tí iye owó tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ kò fi tó ìbéèrè. Ìbéèrè tó yẹ kí aráàlú máa bi ìjọba ni pé: ta ló ń tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún, ta ló ń wo ohun tí kámẹ́rà ń rí, àti pé nígbà tó bá rí ìjàǹbá, ìṣẹ́jú mélòó ni ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ máa ń lò kó tó débẹ̀?

Ohun tí awakọ̀ àti èrò lè ṣe lónìí

Ẹ yẹ ọ̀nà wò lórí fóònù tàbí kí ẹ gbọ́ rédíò kí ẹ tó jáde, ẹ má ṣe é lórí ìrìn. Ẹ má wọ oríta bí ẹ ò bá tíì rí àyè tí ẹ máa gbà jáde, kódà bí iná bá ṣí fún yín. Ẹ yí orúkọ padà lórí ọkọ̀ tí ẹ bá rà tàbí tí ẹ bá tà. Ẹ yà fún ọkọ̀ pàjáwìrì. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà FRSC, 112 sì ni ti pàjáwìrì. Ẹ sọ orúkọ ibùdókọ̀ tó sún mọ́ ibẹ̀ jù àti apá ibi tí ọkọ̀ dorí kọ, kí àwọn tó ń bọ̀ má baà gba òdìkejì ọ̀nà.